Àlọ́ Ìràwọ̀ Pupa Tí Bàbá Ò Parí

“Lọ wò ó, ṣé iná ti tàn?”

Mo sáré dé ojú fèrèsé, mo fi imú lẹ̀ mọ́ dígí. Nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ará apartment wa ń gbọ́kọ̀ sí, iná orí òpó ń ṣẹ́jú. Ó kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tàn yòò.

“Ó ti tàn, Bàbá!”

“Ó dáa. Ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Àlọ́ o!”

“Ààlọ̀!”

Yóò ti gbé tíì rẹ̀ síwájú, tíì dúdú tí kò ní mílíìkì, nínú gíláàsì gíga, pẹ̀lú ègé lẹ́mọ̀nù kan. Rọ́ṣíà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún bẹ́ẹ̀. Òórùn lẹ́mọ̀nù yẹn àti ti róòbù tó fi ń pa orúnkún ni òórùn àlọ́ fún mi títí dòní.

Kì í ṣe bàbá mi, kì í sì í ṣe bàbá ìyá mi. Bàbá Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, lókè ilé wa ní Smyrna, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì ń gbé. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Marietta. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ bàbá náà ni mo ń wà títí ìyá mi á fi dé tòun ti ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.

“Daddy, ẹ má bínú sir, accident ló wà ní highway 75.”

“Ṣé ìwọ lo gbé accident náà sójú ọ̀nà ni? Jókòó, kó o jẹun.”

Kò sí ohun tó lè mú Bàbá pàlọ́ lọ́sàn-án. Èèwọ̀ ni, ó ní. Ilé tí wọ́n ti tọ́ òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìgbà òtútù nìkan ni mo ń gbádùn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú kí ìyá mi tó dé. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìjàpá kò sí nínú àlọ́ tirẹ̀. Inú ìwé ló ti kà á, ìwé àtijọ́ tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ kí ẹnikẹ́ni tó kúrò lórí ilẹ̀ ayé lọ sójú òfuurufú. Ìwé náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ ló kù sí.

Ìdí ẹ̀wà la ti ń ṣe é. Aunty máa ń ra ẹ̀wà olóyin, Bàbá á dà á sínú tíréè, àwa méjèèjì á máa ṣà á, òkúta lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Á gbé tòmátì kan sáàárín tíréè, oòrùn nìyẹn. Á mú ẹyọ ẹ̀wà kan, ilé ayé nìyẹn. Lẹ́yìn náà á wá ẹyọ kan tó pọ́n ju àwọn yòókù lọ, á gbé e sọ́nà jíjìn: Máàsì, ìràwọ̀ pupa. Lọ́jọ́ kan Aunty ti ibi iṣẹ́ dé, kò bi ẹnikẹ́ni, ó da gbogbo rẹ̀ sí ìkòkò. Bàbá jẹ ẹ̀wà náà tán, ó nu ẹnu. “A ti jẹ ilé ayé,” ó ní, “a sì jẹ Máàsì mọ́ ọn. Ẹ fún mi lómi.”

Alágbẹ̀dẹ kan wà, ó ní, ní abúlé kan tí yìnyín bò. Ó rọ ilé irin kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, ó di búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀, ó dáná sábẹ́ rẹ̀, ó sì fò. Ó fò títí ó fi dé ìràwọ̀ pupa. Àwọn ará ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un nílé, wọ́n dáṣọ fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ oríkì rẹ̀ níbẹ̀. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, á jáde síta, á máa wá ilé ayé láàrin àwọn ìràwọ̀, á sì rí i, kékeré bí ẹyọ ẹ̀wà. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ wà nílé, alaalẹ́ ló ń bu iyán tirẹ̀ sọ́tọ̀, tó ń fi àwo dé e.

Mo dàgbà tán kí n tó bi ara mi pé ìyá wo ló ń gún iyán ní Rọ́ṣíà. Nígbà yẹn, mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀.

“Bàbá, did he go home?”

“Sọ ọ́ ní Yorùbá.”

“Ṣé ó… ṣé ó lọ ilé?”

“Ṣé ó padà sílé. A máa débẹ̀. Máa ṣa ẹ̀wà ẹ.”

Òun náà ti fẹ́ fò rí. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó rí sikọ́láṣípù lọ sí Rọ́ṣíà, inú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ló sì ti kọ́ èdè wọn. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé èèyàn kan ti fò yí ayé ká, ó sì ti padà wálẹ̀ láàyè. Ó ní gbogbo ìgboro ló kún, ẹni tí o ò mọ̀ rí á kàn dì mọ́ ẹ. “Mo rò pé èmi ló kàn,” ó ní, ó rẹ́rìn-ín. Kò kàn án. Ó padà sí Ìjẹ̀bú, ó kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó gbéyàwó, ó sì sin ìyàwó náà sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Aunty lọ mú un wá sí Amẹ́ríkà.

Àpótí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti dì í, kò sì tú u. Mo máa ń gbọ́ òun àti Aunty.

“Ìgbà wo ni mò ń lọ?”

“Daddy, ẹ máa lọ now. Ẹ jẹ́ kí doctor clear yín first. Ta ló máa tọ́jú yín ní Ìjẹ̀bú? Gbogbo wa la wà níbí.”

“Ìyá yín wà níbẹ̀.”

Aunty á gbé gíláàsì tíì rẹ̀ lọ fọ̀.

Nígbà tó di March, wọ́n sún aago síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Iná orí òpó kò tàn mọ́ kí ìyá mi tó dé. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Mo tiẹ̀ fa kọ́tíìnì, mo ní yàrá ti ṣókùnkùn. Bàbá wo kọ́tíìnì, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ fẹ́ fi kọ́tíìnì tan oòrùn jẹ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Tó bá di ìgbà òtútù, màá parí ẹ̀ fún ẹ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ wá gbẹ́ ẹ̀yìn ilé wa láti tún páìpù ṣe. Ilẹ̀ tí wọ́n hú jáde pupa fòò. Bàbá rọra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó bu díẹ̀, ó fọ́ ọ láàrin ìka, ó sì gbóòórùn rẹ̀. “Ilẹ̀ ilé wa náà ló rí báyìí,” ó ní.

Mo bi í, “Bàbá, is this Mars?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, omi ojú kò tán. “Òun náà ni, ọmọ mi,” ó ní. “Òun gan-an ni.” Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, a sì wọlé.

Kò rí ìgbà òtútù. July ló kú, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ṣì ń ràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹnu kò pé Marietta làwọn máa sin ín sí, nítòsí ara wọn. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn. Lójú oórì, Pásítọ̀ ń gbàdúrà, èmi ń wo ilẹ̀ tí wọ́n wà jáde. Wọ́n ti fi kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé bò ó kí a má bàa rí i, ṣùgbọ́n ó yọ létí, pupa fòò.

“So he’s not going home?” mo sọ ọ́ sí ìyá mi létí.

Ìyá mi fa orí mi mọ́ra. “Heaven ni ilé,” ó ní. Mi ò gbà, torí mo mọ̀ pé àpótí ẹrù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó ti pẹ́. Clarkston ni mo ń gbé báyìí, mo sì ti bímọ tèmi. Ó ṣì ń dùn mí, bóyá ju ti ìgbà yẹn lọ, torí mo ti wá mọ ohun tí mi ò mọ̀. Alẹ́ pọ̀ nínú ìgbà òtútù yẹn. Àlọ́ náà ì bá ti parí láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá ti dé ibi tí alágbẹ̀dẹ náà dúró tó ń wo ilé ayé, Bàbá á ní ká tún padà síbi tó ti ń rọ irin, inú mi á sì dùn, torí mo fẹ́ràn ibi iná. Mo rò pé ó mọ bó ṣe parí. Kò kàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nínú ilé tí àpótí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Títí dòní, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ mi á máa wá ẹyọ tó pọ́n. Mi ò kì í sè wọ́n. Wọ́n wà nínú ìgò kan lójú fèrèsé kíṣìnì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin mi jókòó ti tíréè, mo sì pa àlọ́ náà dé ibi tí Bàbá máa ń bá a dé. Ọmọ náà dá ọwọ́ dúró.

“Mummy, so did he go home?”

“Sọ ọ́ ní Yorùbá.”

Ó ronú díẹ̀. “Ṣé ó padà sílé?”

Ìta ti ṣókùnkùn, gbogbo iná ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ti tàn.

“Ilẹ̀ ò tíì ṣú,” mo ní.

Ó wo fèrèsé, ó wò mí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.