Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí Láìsọ fún Bàbá Mi

Làìbéríà ni bàbá mi fi ẹsẹ̀ òsì wọn sí nígbà tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ sójà. Ẹsẹ̀ onígi ni wọ́n ń wọ̀ láti ìgbà náà. Ilé ìwòsàn àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ níbí ní Ìkòròdú, ni wọ́n ti ṣe é fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, níbi tí ọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Káfíńtà ti ń gbẹ́ ẹsẹ̀, tó sì ń pààrọ̀ awọ tó bá ti gbó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń mú bàbá mi lọ síbẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ní àwọn fẹ́ wó ilé ìwòsàn náà kọ́ tuntun. Wọ́n kó àwọn aláìsàn kúrò, wọ́n fi páànù yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, wọ́n sì gbé pátákó ńlá kan síwájú, tí wọ́n ya ilé alájà márùn-ún sí. Wọ́n wó apá kan. Kò pé ọdún kan tí agbaṣẹ́ṣe fi kó ẹrù rẹ̀ lọ, tí koríko sì gba ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì gbé tábìlì wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó kọjú sí i di ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́.

Bàbá mi ò gbà pé owó iṣẹ́ ló tán. "Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ń wò," ni wọ́n máa ń wí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á lọ jókòó sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n á máa ṣọ́ géètì. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ní wọ́n ti pààrọ̀ àwòrán ara pátákó, pé tàkọ́kọ́ ní àgbélébùú pupa lórí ilé náà, pé eléyìí ò ní. Mo rò pé ogbó ló ń dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú pátákó náà kọjá lọ síbi iṣẹ́, n kò sì ranjú mọ́ ọn rí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, bàbá mi lọ sípàdé àwọn sójà àtijọ́. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọlé tòun ti fáìlì lọ́wọ́. Kò bọ́ bàtà.

"Ẹ kú ilé o, mà. Ṣé ilé bàbá sójà nìyí?"

Ó ní àwọn ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn àtijọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè tún bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ á gba ẹsẹ̀ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó dúró de bàbá.

"Ẹ̀yin náà lè bá wọn fọwọ́ sí i, mà. Ṣebí ọmọ wọn ni yín."

Ojú ewé mẹ́ta ni. Aṣọ wà nínú omi, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo fọwọ́ sí ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú irú fọ́ọ̀mù náà wálé látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan. Èmi ni mo máa ń bá wọn ka ìwé. "Bá mi kà á." Ojú ewé kejì ni mo ti rí i: ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbà kí wọ́n lo ilẹ̀ náà fún ohun mìíràn.

"Ohun mìíràn bíi kí ni?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

"Ó dáa. Ẹni tó bá fọwọ́ sí èyí ti tà wá."

Mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo dá a padà fún wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni awọ ẹsẹ̀ wọn já. Wọ́n gbọ́ pé Káfíńtà ti wà ní Ẹ̀pẹ́, tó ń tún ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. A wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a.

"Sájẹ́ńtì! Ẹ ṣì ń bẹ láyé!"

Ó gba ẹsẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá mi mú òòlù rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n yí èkù rẹ̀ sókè. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn wà lára rẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ẹ mọ ibi tó ti wá, sà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká jáde, mo rí i tí wọ́n ń da ẹ̀rọ wa sínú ọkọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo mú ìwọ̀nba tí àpò mi gbà."

"O jí i."

"Mo jí i, sà."

"Ìwọ tiẹ̀ jẹ́wọ́," ni bàbá mi wí, wọ́n sì dá òòlù náà padà fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè gbé dé Ìkòròdú. Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ fún wọn pé mo ti fọwọ́ sí ìwé náà.

"Èyí tí mo ní kí o kà fún mi?"

"Òun ni, sà."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé títí a fi délé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù náà pé kí wọ́n fún mi ní ìwé mi. Lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní fáìlì ti lọ sí Èkó. Nígbà kẹta, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa, kò sì sí orúkọ kankan níbẹ̀ mọ́. Títí di òní, kò sí ẹni tó gba ẹsẹ̀ tuntun nínú àwọn tó fọwọ́ sí i.

Mo wá àwọn fọ́tò inú fóònù mi, mo sì rí ọ̀kan tí mo yà fún bàbá mi níwájú pátákó lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Àgbélébùú pupa wà lórí ilé náà. Mo fi hàn wọ́n.

"Mo sọ fún ọ," ni gbogbo ohun tí wọ́n wí. Àwọn sójà àtijọ́ fi fọ́tò náà sínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ. Wọn ò tíì rí èsì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé tíṣà tó wà ládùúgbò ni bàbá mi wá ń gbé lẹ́tà wọn lọ bá. Wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà yàrá mi kọjá tàwọn ti lẹ́tà lọ́wọ́. Oṣù mélòó kan ló lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wọn kan sí mi.

"Kà á. Má fo ìkankan."

Orí àdírẹ́sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀.