Ọjọ́ Tí Akólòlò Pe Bàbá

"Bà... bà... bà... bà..."

Ohùn yẹn ló máa ń jí mi, kí àkùkọ tó ronú àtikọ. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàrin ní ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ tí à ń gbé ní òpópónà Bajulaiye, ní Ṣómólú: èmi àti ìyá mi lápá ibí, àgbà ọkùnrin tó ni ohùn náà lápá ọ̀hún. N óò dùbúlẹ̀ sórí ẹní, n óò máa tẹ́tí. "Bà... bà..." Á dákẹ́, á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá wá pe "Bàbá!" jáde tán, ìyá mi á ní "Àmín!" tagbára-tagbára, bí ẹni tó bá a ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀.

Akólòlò ni. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Yíǹkì kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, aṣọ rẹ̀ a sì máa rùn kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ. Ọdún tí àwọn ṣójà ń gbé ìjọba padà fún alágbádá ni mò ń sọ yìí. Ẹ̀rọ ò sinmi ní Ṣómólú, gbàkà-gbákà, gbàkà-gbákà, àwòrán olóṣèlú ni wọ́n ń tẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn sórí ń pariwo lọ pariwo bọ̀ ní títì Pedro. Gbogbo ẹnu ló ń rojọ́ lọ́dún náà, àfi ẹnu ẹni tó ń bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà.

Àwọn ọmọ àdúgbò a máa kọ ọ́ lórin bí wọ́n bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán: "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe Bàbá!" Kì í bínú. Á na ìka sí wọn, á ní, "Ẹ-ẹ-ẹ ṣáà ti ní n óò... n óò pè é!" Á wá bú sẹ́rìn-ín.

Pákó àti páànù la fi kọ́ ìjọ wa ní Bàrígà. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé jókòó bí àlejò, àgbà náà ni yóò sì kọ́kọ́ dé láti gbọ́n ọn dànù. Bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá, ẹ ó bá a níbùsùn onítọ̀hún, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, á ṣáà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá Ìjọ wa dìde, ó ní, "Ara mi ò gbé e mọ́. Mò ń lọ sílé ní Ìjẹ̀bú. Ta ni yóò sìn yín?"

Ẹ gbọ́ o, kò ní ta ni yóò darí yín. Ó ní ta ni yóò sìn yín. Ọ̀gbẹ́ni aláṣọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ dùn bí àádùn. Ó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kí àwọn ìyá ìjọ bí ẹni tó ń tọrọ ìbò. Ibi tó ti ń tún agbádá rẹ̀ ṣe kó tó dìde ni a ti gbọ́ lẹ́yìn: "È-è-èmi nìyí."

Ilé dàrú!

"Áà! Kó tó parí ìwàásù kan, ọdún tuntun á ti dé!" Ìyá alákàrà ọ̀gangan wa ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìjọ ní, "Mósè náà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀."

Ìyá alákàrà dá a lóhùn: "Mósè ní Áárónì, Bàbá!"

Bàbá Ìjọ mi orí. "Ó dáa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni yóò ṣíwájú Àdúrà Olúwa. Bó bá pè é jáde, ó di tiyín. Bí kò bá pè é, ẹ wá ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ wo ló sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọ̀hún? Bàbá! Ọ̀rọ̀ tó ń bá jìjàkadì lẹ́yìn ògiri wa láràárọ̀ náà ni.

Ìyá mi bi í léèrè létí kànga lọ́sẹ̀ náà pé, "Bàbá, ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó-ó bà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó... tó ń kan ilẹ̀kùn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló... ló máa ń kàn án?"

Ọjọ́ pé. Ìjọ kún àkúnya. Àwọn alájọgbé wa tó jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá wá dúró lójú fèrèsé. Ó jáde síwájú, ó di ojú.

"Bà..."

Gbogbo ọrùn nà sókè.

"Bà... bà..."

Mo di ìró ìyá mi mú pinpin. Aláṣọ wúkọ́. Òógùn ń ṣàn lójú àgbà náà. "Bà... bà... bà..."

Ìyá arúgbó kan wà níwájú tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Ó rò pé ẹ̀mí ló gùn ún, pé ó ní kí ìjọ máa ké pe Ọlọ́run. Ó na ọwọ́ sókè, ó lọgun: "Bàbáàà!"

"Bà... bà..."

"Bàbá!" Ìlà àkọ́kọ́ gbè é. "Bà... bà..." "Bàbáàà!" Ìlà ẹ̀yìn gbà á, àtẹ́wọ́ bọ́ sí i, páànù ń ró lókè, àwọn tó wà lójú fèrèsé náà ń ké e, èmi alára ń fò sókè-sódò! Àfi bí ẹni yọ èdídí lẹ́nu ìgò, ohùn àgbà náà là á já: "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run!" Gbogbo wa gbé e pẹ̀lú rẹ̀, kò sì kọsẹ̀ títí dé Àmín.

Ìyá alákàrà ló kọ́kọ́ dìde, omijé lójú, ó ń jó: "Àwa ni Áárónì rẹ̀ o! Bàbá Ìjọ, ẹ máa lọ sílé yín, àwa ni Áárónì rẹ̀!"

Báyìí ló ṣe di tiwa. Kíkólòlò ò lọ o. Ìwàásù rẹ̀ gùn, ẹ̀bà wa a ti tutù nílé. Ṣùgbọ́n bó bá há sórí ọ̀rọ̀, ìjọ á fà á lé e lọ́wọ́. Nígbà mìíràn a ó fún un ní èyí tí kì í ṣe, á mi orí, a ó tún wá òmíràn, ẹ̀rín á gbalé. Kò sẹ́ni tó ń sùn nínú ìjọ wa, gbogbo wa la jọ ń wàásù.

N kò ka ìwé, ọmọ mi, ìwọ lò ń bá mi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ dìgbàdìgbà wọ ilé ìwòsàn, gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ló fò lọ lórí mi. "Bà... bà..." nìkan ló kù lẹ́nu mi. Mo ń wí i ṣáá, nítorí mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni mò ń kàn.

Gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná. O ò gbọ́ ni? Bàbá rẹ ń pè ọ́ níta. Sáré lọ jẹ́ ẹ.