Ẹkún Tó Ń Mú Ìyá Sùn

Ọ̀gá Táyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Táyà tó bá jò ló ń lẹ̀, níwájú ilé, òun àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan tó ń húkọ́ bí arúgbó. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Àìsàn ìgbàgbé ti mú Ìyá. Dókítà ní kò ní í gbóògùn.

Ìgbàgbé yẹn kọ́ ló ń pa Ọ̀gá. Àìsùn ni. Bílẹ̀ bá ti ṣú, Ìyá á dìde, á máa ṣílẹ̀kùn kiri, á máa wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ìyá ò sùn, ọmọ ò sùn. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà awakọ̀ kan, oorun gbé e lọ, táyà bẹ́. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, táyà ti yó. Ojú ẹ ni kó o lọ lẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà ò padà wá mọ́, àwọn tó rẹ́rìn-ín náà ò wá.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Ìyá ní kí Ọ̀gá máa gbé e síta láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rí i, kó má jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án, kó fún un níṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Ọ̀gá gbé àga síta, ó kó irin wẹ́wẹ́ àti àkísà fún un. Ìyá nu méjì, ó tòògbé. Nọ́ọ̀sì ní sùúrù ló gbà. Sùúrù ti tán nílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá tún ń béèrè ọkọ rẹ̀. Inú bí Ọ̀gá.

"Ó ti kú, Ìyá. Ó ti kú."

Ìyá káwọ́ lérí. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá di ọwọ́ Ọ̀gá mú. "Ọmọ mi, ó ku èmi pẹ̀lú ẹ." Ó sùn fọnfọn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀gá náà sùn.

Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́. Ìyá ò rántí. Ọ̀tun ni òkú náà lójoojúmọ́. Tí Ọ̀gá bá ní ó ti pẹ́ tí Bàbá kú, ẹkún kì í gùn. Tó bá ní àárọ̀ yìí ni, ẹkún á gùn, oorun á sì wọra. Àárọ̀ yìí ló wá ń sọ. Ara tù ú, oníbàárà ń padà bọ̀. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì bi í pé òkú mélòó gan-an ni wọ́n ń sin níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣe tí Ìyá fi ń sùn. Ọ̀gá ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ gidi ni.

Nígbà tó yá, ó jókòó ti Ìyá lẹ́yìn oúnjẹ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá, Bàbá kú láàárọ̀ yìí."

Ìyá wò ó títí. Kò sunkún. Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Bàbá yín ni?"

Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ó níyàwó?"

"Ó ní."

"Ẹ má tíì sọ fún un o. A kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn lé oorun lójú èèyàn. Ẹ jẹ́ kó sùn ná."

Ó yíjú sógiri, ó sùn. Kò pe Ọ̀gá lọ́mọ mọ́ títí wọ́n fi sin òun náà.