Ohun Tí Ṣàlàyé Rí Nínú Awò

Ṣàlàyé kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ló fún un, nítorí kò sí olùkọ́ tí yóò kọ nǹkan sójú pátákó ní yunifásítì ìjọba agbègbè wọn tí obìnrin yìí kò ní nawọ́ sókè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàlàyé ibi tí ìyẹn ti wá." Ó ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, tó fi sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó wá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó sì ti ṣèlérí fún ọmọ náà pé bí ọdún kẹrin bá ti parí, òun dé nìyẹn.

Ìṣirò ló fẹ́ràn jù. Nínú ìṣirò, bí èèyàn bá gba ìdáhùn tí kò fi ọ̀nà tó gbà débẹ̀ hàn, ó ṣòfò. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láàbù ni wàhálà wà.

Tábìlì onísìmẹ́ńtì wà ní láàbù náà, ẹ̀rọ omi tí kì í yọ omi wà níbẹ̀, mikirosikóòpù kan ṣoṣo sì wà fún gbogbo kíláàsì, awò tí í sọ ohun tíńtín di ńlá. Iṣẹ́ àṣekágbá ọdún kẹrin ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ bó awọ fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, kó fi awò wò ó, kó sì ya ohun tó bá rí sínú òbìrìkìtì. Wọ́n tò. Ẹni tó bá kàn á bẹ̀rẹ̀, á di ojú kan, á mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ àṣírí, á padà sí àyè rẹ̀ lọ ya sẹ́ẹ̀lì tó jókòó létòlétò bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri.

Ó kan Ṣàlàyé. Ó wò ó títí.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kó wọ ibẹ̀ ni?" ni ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ta ló rí?"

"Ìwọ tí o mi orí ńkọ́, kí lo rí?"

"Ojú ìwé kẹrìnlélógún nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ sì ni. Dígí inú awò náà ti bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀, ó ti bu kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọlé. Awò tuntun wà o, nínú kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́, nínú ọ̀rá tó bá a dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba bá wá nìkan ló ń rí ìmọ́lẹ̀.

Ṣàlàyé jókòó, ó gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀, ó ya òbìrìkìtì, ó ya kùrukùru sínú rẹ̀, àti ìlà kan, àti irun tín-ín-rín kan. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ibi tí dígí ti bu, ibi tó ti sán, irun ìpéǹpéjú mi.

Olùkọ́, bàbá kan tí kì í pariwo, gbé ìwé Ṣàlàyé sókè. "Kí lèyí?"

"Ohun tí mo rí ni, sà."

"Ta ló bi ọ́ ní ohun tí o rí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ó wà lójú pátákó."

"Ìyá ọlọ́mọ, àgbà ni ọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ nìyí níwájú rẹ. Yà á, kí o lọ bá ọmọ rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdo ni, wàá sì tún ọdún yìí ṣe."

"Ẹ bá mi ṣí ti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá rí sẹ́ẹ̀lì, màá yà á."

"Ti àwọn olùbẹ̀wò nìyẹn."

"Ṣé àwọn ló ń ṣe ìdánwò ni, sà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Olùkọ́ ní òun fún un dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ti láàbù.

Ṣàlàyé jáde, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Àlùbọ́sà?" ni ìyá wí. "Àlùbọ́sà tí mo ń gé lójoojúmọ́? Yà á fún ọkùnrin náà kí o máa bọ̀."

"Irọ́ ni yóò jẹ́, Màmá."

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ìwọ lo fẹ́ lọ máa kiri rẹ̀?"

"Mi ò kiri nǹkan kan. Irọ́ ni mi ò rà."

"Ọmọ tó ń wojú ọ̀nà ńkọ́?"

Ibẹ̀ ló ti dùn ún. Ó fara ti ògiri. Ó ní, "Olùkọ́ ni mo fẹ́ dà. Ọjọ́ kan lọmọ kan máa bi mí pé kí ni mo rí."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Nígbà náà, wá mú ọmọ rẹ sọ́dọ̀. Kò ní fi ọdún kún ọdún lọ́wọ́ mi."

Ó padà wọlé, ó tún kùrukùru náà yà, èyí tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sílẹ̀. Olùkọ́ fi báírò pupa kọ òdo sí i.

"Ó dọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ ó bá mi níbí, sà."

Ó sì bá a níbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ti ń bá a gbé nínú yàrá kan tó háyà, àwọn tó bá a wọlé ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kíláàsì tuntun ló yí i ká. Kí wọ́n tó tò, ó wí fún wọn pé, "Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà á. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má purọ́ mọ́ àlùbọ́sà." Àwọn kan pòṣé. Òun ló kọ́kọ́ wò ó, ó ya kùrukùru rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e wò ó pẹ́, ó pa ìwé ẹ̀kọ́ dé, ó sì ya ohun tó rí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ ń ṣí ìwé wọn wò, kùrukùru ju búlọ́ọ̀kù lọ.

"Gbogbo yín lẹ fẹ́ gba òdo?"

"Ẹ fún wa, sà," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ẹ wá àga sí i. A ó pọ̀ níbí lọ́dún tó ń bọ̀."

Olùkọ́ lọ síbi awò, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nínú àpò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà bi í bó ti í bi í: "Màmá, ṣé ẹ rí sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà náà lónìí?"

"Mo rí i."

"Ṣé bíi ti inú ìwé ni?"

"Rárá o. Òmíràn gùn, òmíràn wọ́, wọ́n ń ti ara wọn." Ó fa pẹ́ńsù yọ. "Súnmọ́ mi, kí n yà á bó ṣe rí."