Màlúù Tí Kò Gbọ́ Èdè Wa

Láti ìgbà bàbá bàbá mi ni a ti ní màlúù nílé wa ní Òsí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí màlúù kọ́kọ́ sùn sí àgbàlá wa ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ màlúù. N kò sọ èyí láti fi àwọn ènìyàn mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tàbí kẹ̀, bóyá mo fi wọ́n ṣe é díẹ̀. Ẹlẹ́ran tí kò lè di okùn ẹran mú, kí ni ènìyàn fẹ́ pè é? Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọ́fà, síbẹ̀ n kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ní ọdún kan tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, oúnjẹ tán ní gáà àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn odò. Bàbá bàbá mi kó iṣu fún olórí gáà náà. Ọkùnrin yẹn kò gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ tutù, ó fa ẹgbọrọ abo màlúù kan wá sílé wa, ó ní ìdúpẹ́ rèé. Bàbá àgbà wo ẹran náà sókè, ó wò ó sílẹ̀, ó ní, “O ṣeun, ṣùgbọ́n bá mi sìn ín.” Bí a ṣe di ẹlẹ́ran nìyẹn. Màlúù jẹ́ tiwa, wàrà rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Ọmọ tó bá bí jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan àwọn náà a mú nínú rẹ̀. Bí a bá sì ti wa iṣu tán, wọn a kó agbo wọn wá sùn sórí ilẹ̀ oko wa, ìgbẹ́ ẹran a sì mú ilẹ̀ náà lọ́ràá fún ebè ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi a máa mú mi lọ sí gáà láti lọ wo màlúù wa. Mo máa ń bi í pé, “Èwo ni tiwa?” Á na ìka sí ọ̀kan, pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí ìwo rẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹran náà bá ti yí padà sáàárín àwọn yòókù, mo ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Gbogbo wọn ń jọ ara wọn lójú mi. Kí n má parọ́, wàrà ni mo ń bá lọ. Ọmọ olórí gáà àkọ́kọ́ ló ti jókòó sí àyè bàbá rẹ̀ nígbà náà. Bàbá Gáà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló sọ mí ní Ìyá Wàrà, orúkọ yẹn kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí mo fi di ìyá ọlọ́mọ.

Òun àti bàbá mi jọ dàgbà ni. Wọ́n ní nígbà ọmọdé wọn, bàbá mi a máa sùn sí gáà lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn títí ìyá rẹ̀ fi ń pariwo pé àwọn Fúlàní ti gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èdè Fúlàní lẹ́nu bàbá mi rí. Bàbá Gáà ni ń sọ tiwa, ó sì ń sọ ọ́ dé ìdí. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé Yorùbá Ìlọrin ni mò ń sọ, pé ilé ìwé ti ba ẹnu mi jẹ́.

Àwọn ọmọ ìran màlúù oníwo títẹ̀ yẹn ni a fi sin bàbá àgbà, àwọn ni a fi rán ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwé, àwọn náà ni a fi tọ́jú ìyá mi kí ó tó fi wá sílẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan. Bàbá mi ní ti èyí, òun kò ní tà á. Ó ní bí ìyẹn bá tán, kò sí ohun tí òun fẹ́ máa lọ wò ní gáà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù wọ igbó wa. N kò fẹ́ sọ ọ́ ní àsọdùn. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, wọ́n ń gbé ènìyàn lóko. Wọ́n gbé ẹnìkan tí mo mọ̀ dáadáa, a jọ ń jẹun níbi iṣẹ́ ni. Ó padà wá, ṣùgbọ́n títí dòní, bí ilẹ̀kùn bá dún, á fò sókè. Ẹnu ìlú wá kò pé kí gbogbo gáà kúrò ní sàkání wa. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé ènìyàn, Fúlàní ni wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n lọ. Mo tún fẹ́ kí Bàbá Gáà dúró. Àwọn méjèèjì jókòó sínú mi, n kò sì mọ èyí tí mo lè lé jáde. Bàbá tó bí Bàbá Gáà, ibí ni wọ́n sin ín sí. Ibo gan-an ni ó ti wá tí a ní kí ó padà sí?

Bàbá mi lọ sí ìpàdé ìlú náà. Nígbà tó dé, mo bu omi fún un, mo bi í pé, “Bàbá, kí lẹ sọ níbẹ̀?”

Ó mu omi tán, ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ ti se uṣu?”

“Mo ní kí lẹ sọ ní ìpàdé.”

“Ebi ń pa mí, ọmọ mi.”

Inú bí mi débi pé mo fi iyọ̀ púpọ̀ sínú ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà tán.

Láìpẹ́ sí i, ní òwúrọ̀, Bàbá Gáà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó fa màlúù náà lọ́wọ́. Pupa rẹ́súrẹ́sú, ìwo ọ̀tún tẹ̀ wálẹ̀, oyún sì ti hàn nínú rẹ̀. Ó ní àwọn ń kó lọ lọ́jọ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹran yín rèé,” ó ní.

Bàbá mi kò tilẹ̀ dìde. “Mú un lọ jàre. Ùwọ lo sìn ín.”

“Mè é lè mú un lọ. Bí ó bá sọnù lọ́nà, wọn á ní Fúlàní ti jí i.”

“Ta ni á sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ní kí a máa lọ náà ni.”

Báyìí ni wọ́n ń ti okùn síra wọn lọ́wọ́, àgbàlagbà méjì, bí ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ tí kò fẹ́ jẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé ebi ń pa òun. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà sì wà nítòsí. Nígbẹ̀yìn, Bàbá Gáà so okùn mọ́ igi máńgòrò wa, ó gbá ẹran náà lẹ́yìn rọra, ó sì lọ. Màlúù náà ké tẹ̀lé e títí a kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe di ẹlẹ́ran tòótọ́ nìyẹn, ojú wa sì rí nǹkan. A sọ̀rọ̀ sí i, kò wò wá. A gbé omi fún un, ó yí orí kúrò. A fẹ́ tú u kí ó lọ jẹ koríko, ó fa ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ògiri. Gbogbo àdúgbò ló ní ìmọ̀ràn lẹ́nu, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sin ohun tó ju ewúrẹ́ lọ. Bàbá mi gbé àga sí iwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ń wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló ń wò, ó ní òun kò mọ̀.

Àwọn obìnrin ilé kejì ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Bàbá mi lọ bu èèpo rẹ̀ sínú agbọ̀n, bí a ti ń ṣe fún ewúrẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó dà á síwájú màlúù náà. Ẹran jẹ ẹ́! Inú bàbá mi dùn, ó ń pè wá kí a wá wò ó. Ó tún lọ bu òmíràn wá. N kò rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ikùn ẹran náà ti wú lápá òsì bí ìkòkò omi. Ó ń mí gúlegúle, ó wó lulẹ̀. Ewúrẹ́ a máa jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tútù díẹ̀díẹ̀ kó sì lọ ní tirẹ̀. Màlúù tí ebi ti pa, tó jẹ agbọ̀n méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. A kò mọ̀. Mo pe Bàbá Gáà lórí fóònù. Wọn kò tíì lọ jìnnà, wọ́n wà ní ìkọjá afárá lójú ọ̀nà Kòrò, wọ́n ń dúró de àwọn tó kẹ́yìn.

“Epo pupa,” ó ní. “Ẹ rọ epo pupa sí i lọ́fun. Ẹ jẹ́ kó dìde kó máa rìn. Bí ó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó kú nìyẹn, t'òun t'ọmọ inú ẹ̀.”

A rọ epo. A tì í, a fà á, a gbá a. Kò dìde. Bàbá mi di ìgò epo mú. Mo rí i tó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pariwo, ó sì tún pa á dé.

“Ìyá Wàrà,” Bàbá Gáà ní, “tẹ sípíkà rẹ̀, gbé e sí i létí.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn kan jáde nínú fóònù náà, ohùn gígùn kan tó lọ sókè tó sì rọ̀ wálẹ̀, n kò mọ ohun tó ń sọ. Etí màlúù náà mì. Ohùn náà tún jáde. Ẹran náà kúnlẹ̀, ó gbọn ara, ó dìde. Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe. Láti ìgbà bàbá bàbá mi ni ìran ẹran yìí ti jẹ́ tiwa, inú fóònù ló sì ti gbọ́ ohùn ẹni tirẹ̀.

Bàbá mi ní, “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ bá a.”

Bàbá Gáà kò lè wọ ìlú mọ́, àwọn ọdẹ wà lójú ọ̀nà. Àwa náà kò lè da màlúù. Báyìí ni mo ṣe gbé fóònù sókè ní iwájú, ohùn ń pe ẹran láti inú rẹ̀, ẹran ń tẹ̀lé mi, bàbá mi ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. A gba àárín Òsí kọjá ní ọ̀sán gangan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tó jókòó ní ìpàdé ìlú wò wá, wọ́n sì wo ilẹ̀. Ọ̀kan pòṣé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo? Mo mọ ẹni tí wọ́n gbé lára àwọn ènìyàn rẹ̀.

A ti kúrò nílùú, a ti ń wo afárá lọ́ọ̀ọ́kán, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ohùn náà gé. Màlúù dúró sójú títì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fẹ́ kúnlẹ̀ padà. Mo ń gbé fóònù sókè, mo ń gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ohùn náà sì tún dún, láti ẹ̀yìn mi.

Bàbá mi ni. Ó gbé orí sókè, ó ń pe ẹran ní èdè Fúlàní, ohùn gígùn yẹn gan-an, ó lọ sókè, ó rọ̀ wálẹ̀. Màlúù náà yí etí sí i. Bàbá mi kọjá lára mi, ó bọ́ síwájú, ẹran sì ń tẹ̀lé e. Mo dúró níbẹ̀ bí òpè. Mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n? Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ mọ̀ ọ́n?” Ó ń pè é lọ.

Bàbá Gáà dúró ní òdìkejì afárá. Ó ti gbọ́ ọ. Ó gba okùn, ó fọwọ́ kan ikùn ẹran náà, ó ní yóò yè. Lẹ́yìn náà ló wo bàbá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín ṣì wà,” ó ní. “Lọ́jọ́ ìpàdé, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé ibẹ̀, mò ń retí kí n gbọ́ ọ.”

Bàbá mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ̀rù bà mí,” ó ní.

“Ẹ̀rù ba èmi náà,” Bàbá Gáà dáhùn. Ó fa màlúù, wọ́n sì lọ.