Iná Ilé Pákó Màmá Fúnmi

Ẹnu ọ̀nà ni Màmá Fúnmi ti dá mi dúró lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé àpò irinṣẹ́ mi dé ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Owódé Onírin. Fúnmi, ọmọ wọn, ló pè mí pé kí n wá fa iná sínú ilé pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Omi máa ń kún wọ àdúgbò náà, nítorí náà orí òpó igi ni wọ́n gbé ilé ọ̀hún lé. Màmá ní àwọn ò fẹ́ iná. Wáyà ló jó ilé pákó tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kí Daddy, ọkọ wọn, bá a lọ.

Daddy wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, rọpárọsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè dìde. Ooru ń dà wọ́n láàmú. Màmá padà lọ jókòó tì wọ́n, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Bí ọwọ́ kan bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á fi ìkejì gbà á. Ọrùn ọwọ́ Màmá ti wú.

Mi ò bá Màmá jiyàn. Mo ní kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n á ti máa rí ọwọ́ mi, pé ohunkóhun tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, màá tú u. Wọ́n gbà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kétu máa ń sọ pé kí n fa iná ilé pákó bíi pé èmi gan-an ni màá sùn síbẹ̀. Mo ki gbogbo wáyà sínú páìpù kí èyíkéyìí má bàa fara kan igi. Inú àpótí irin ni mo ti so wọ́n pọ̀. Mo ri irin mọ́lẹ̀, mo so wáyà mọ́ ọn, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ.

Màmá bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ló dé tí o fi ń fún ìdè yẹn tó bẹ́ẹ̀?”

Mo ṣàlàyé pé ìdè tó bá dẹ̀ máa ń gbóná, ooru yẹn ló sì máa ń jó pákó díẹ̀díẹ̀.

“A gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà yẹn,” ni Màmá wí. “A rò pé ará ilé kejì ló ń yan ẹja.”

Mo mú wọn lọ síbi bréékà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní ó máa já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù tàbí tó bá ń jò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ òórùn, kí wọ́n kọ́kọ́ já a sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n já a, wọ́n gbé e padà, wọ́n tún já a. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé iná náà máa ń gbọ́ràn.

Nígbà tí mo tan fáànù tí Fúnmi gbé wá, Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó tí páìpù gbà kọjá, wọn ò tètè gbé e kúrò.

“Ó tutù,” ni wọ́n sọ fún Daddy.

Daddy yíjú sí atẹ́gùn náà. Màmá gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó kó irinṣẹ́ mi tán, àwọn méjèèjì ti sùn lọ. Fúnmi fẹ́ jí wọn kí wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo mi orí fún un. A jáde, a rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ìgbà náà, mo ti fa iná sí ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá ní Mẹ́ńdé. Bí wọ́n bá ní kí n sọ èyí tí mo fi ń yangàn, oorun ọ̀sán àwọn arúgbó méjì yẹn ni mo máa ń sọ.