Ohun Tí Wọ́n Ní Mo Jẹ́wọ́ Rẹ̀

Èmi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara mi. Àwọn ẹlòmíràn ló gbọ́ ọ, àwọn ló sì sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ní mo jáde síwájú ilé wa ní Festac, lọ́sàn-án gangan, mo ká ọwọ́ lérí, mo sì sọ pé èmi ni mo jẹ ọmọ tí ìyá kan tó ń gbé lókè wa bí.

Ọmọ náà wà níbẹ̀ o. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi, ó ń jẹ bisikíìtì.

Ọmọ wíwò ni iṣẹ́ mi. N kò kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ni mo sì máa ń lọ kó àwọn ọmọ wọn nílé ìwé lọ́sàn-án. Mo máa ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á sì sùn lórí ẹní ní pálọ̀ mi títí àwọn òbí wọn á fi dé. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Ọmọ òkè wa yìí ló kéré jù nínú àwọn tí mo ń wò. Kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Àìsàn náà kò wá bí àìsàn. Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ dé, mo lo oògùn ibà. Orí kò dẹ̀, mo lo òmíràn. Lẹ́yìn náà ni oorun dá lójú mi. Mo ń bu iyọ̀ sí tíì. Ọkọ mi ń ta pààtì ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair, bí ó bá délé ó máa ń sùn lọ kí ó tó bọ́ bàtà tán, síbẹ̀ mo ní ó ń sọ̀rọ̀ mi fún àwọn tó wà nínú rédíò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi a máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a máa já lójijì, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Mo rò pé ó kàn rẹ̀ mí ni.

N kò rántí ọjọ́ tí mo jáde síta yẹn rárá. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ọkọ mi àti àbúrò mi ló tò ó pọ̀ fún mi.

Ní àdúgbò wa, bí obìnrin tó ti dàgbà bá dìde tó ní òun jẹ ọmọ ọlọ́mọ, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé kí ló ń ṣe é. Wọ́n á ní ó ti ń kà bòròbòrò. Wọ́n á pé lé e lórí, wọ́n á sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó kà á tán, kí ó dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá dá a dúró láàárín, ohun tó ti dì kò ní tú mọ́. Wọn kì í gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbà pé abẹ́rẹ́ á sé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi. Oòrùn ń pa mí, mo ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dúró kí n parí.

Ẹnìkan pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù. Nígbà tó fi máa ti Erékùṣù dé, ilẹ̀ ti ń tutù, mo ṣì dúró síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a sílẹ̀ fún mi. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Wọ́n ní mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó ti tán."

Àbúrò mi obìnrin ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Agboju. Ẹnu oníbàárà kan ló ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó dé, ó sì fi ìgúnpá la àárín èrò kọjá.

"Ẹ ò rí ẹnu rẹ̀ tó ń já ni? Ẹ ò rí i pé ara rẹ̀ gbóná?"

"Màdáàmù, ẹ rọra," ọkùnrin kan dá a lóhùn. "Ó ń jẹ́wọ́ lọ́wọ́."

"Ó ń jẹ́wọ́ kí ni? Ọmọ tó ní òun jẹ ló ń nu ikun sára aṣọ yìí. Òkú a máa sunkún súìtì?"

"Nínú ẹ̀mí ni wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Ìwọ tí o ń ríran nínú ẹ̀mí, wá bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú ara."

Ibẹ̀ ni gìrì ti mú mi. Mo ṣubú, mo ń jà nílẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé mi. Ọkọ mi ti dé ṣáájú, ẹ̀yìn èrò ló dúró sí. Nígbà tí ara mi yá, mo bi í pé kí ló dé tí kò sún mọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí kí o má lọ dárúkọ mi mọ́ ẹgbẹ́."

Kò sí àwàdà lójú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn mi, wọ́n ya àwòrán orí mi. Dókítà tó tọ́jú mi kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè ènìyàn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Màmá, ẹ mọ mégáàdì tó wà ní géètì àdúgbò yín? Ara wa náà ní mégáàdì tó ń lé kòkòrò jáde. Tiyín ló ṣi onílé mú fún olè. Ọpọlọ yín ló ń nà, ọpọlọ náà sì wú."

"Ta ló rán an sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán an, Màmá. Ara yín ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, a kì í mọ ohun tó fà á."

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń rọ mégáàdì náà lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó dá ọkọ mi mọ̀, ó tún pẹ́ kí n tó lè di bọ́tìnnì ara mi. Nígbà tí wọ́n máa dá mi sílẹ̀, dókítà ní àìsàn náà lè má padà wá mọ́, ó sì lè padà wá. Gbólóhùn kejì yẹn ni mo gbé relé.

Mo bá pálọ̀ mi ní mímọ́ tónítóní. Kò sí ẹní nílẹ̀. Mo bèèrè àwọn ọmọ, ọkọ mi wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Àwọn òbí ti kó wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Amúwo. Ọmọ òkè wa, bí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, a máa na ọwọ́ sí mi. Ìyá rẹ̀ kò bú mi rí. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," ló máa ń wí, á sì rọra gbé ọmọ bọ́ sí apá kejì, lápá ibi ògiri. N kò bínú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ìlú kejì gan-an kò ní jìnnà tó fún mi láti sá lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n kò lè búra. Bí wọ́n bá ní mo jí ìkòkò, màá ní n kò jí i, nítorí mo mọ ibi tí mo wà. Ọjọ́ yẹn kò sí lórí mi. Ihò ni. Mo gbà pé ọpọlọ tó wú ló sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n níbo ló ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró níwájú dígí, tí mo ń wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi. Mo ń fẹ́ ọmọ náà padà, ọwọ́ mi ń wá a. Ọwọ́ yẹn náà ni mo sì ń fura sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé ọmọ náà lápá.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé wọ́n sọ ti tiransífọ́mà fún yín?"

"Tiransífọ́mà wo?"

Ó bu ètè jẹ. "Lọ́jọ́ yẹn, kí àbúrò yín tó dé, ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níta pariwo pé, 'Àǹtí, tiransífọ́mà wa tó jóná ńkọ́, ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́?' Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, 'Tòun ti epo inú rẹ̀?' Ẹ ní epo ọ̀hún lẹ fi sè é."

N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀, omi náà kò sì tètè dá.

"Mo bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi kú sí, kí n tó mọ̀ yín. Mo wá lọ bi mégáàdì pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ kàn jáde ni, ẹ ń sunkún, ẹ ń pe ọmọ mi. Ìyá kan ló bi yín pé, 'Kí lo fi ọmọ ṣe? Àbí o ti jẹ ẹ́ ni?' Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa la kó ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu, Àǹtí. Mo gba ti ọmọ mi gbọ́, mo fi ti tiransífọ́mà sílẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ yín láti Mọ́ńdè."

"Rárá."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Kì í ṣe ìbínú," mo ní. "Bí àìsàn náà bá padà wá lọ́jọ́ tó jẹ́ èmi àti ọmọ nìkan ńkọ́? Bí mo bá ṣubú lé e? Bí mo bá gbé e jáde, tí n kò mọ ibi tí mo gbé e sí?"

"Kí la wá máa ṣe?"

"Máa gbé e wá ní Sátidé, tí ìwọ náà wà nílé. A ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bí ẹnu mi bá já, bí mo bá sọ ohun tí kò lórí, má kúnlẹ̀ fún mi, má sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Gbé ọmọ rẹ, pe àbúrò mi, kí ẹ gbé mi lọ."

"Bí ẹ bá ní ẹ ti jẹ jẹnẹrétọ̀ wa ńkọ́?"

"Ẹ tètè gbé mi, kí n tó jẹ tẹlòmíràn."

Ó gbé ọmọ náà kalẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì jáde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní agbedeméjì, ẹsẹ̀ náà dúró. Ó yé mi. Ìka mi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, mo ń wò ó bóyá nǹkan kan ń já. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ sí mi kí n bọ́ bàtà òun. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bọ́ ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo tẹ́tí sílẹ̀ láti gbọ́ bóyá yóò ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kò tì í.